Al-Biruni: Àgbà Onímọ̀ Tó Fi Ìbéèrè Kọ́ni Ní Ìmọ̀ Máàpù

 

Lóde òní, iṣẹ́ yíya máàpù ti kúrò lórí bébà, ó ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó fẹ́ wọn ilẹ̀, àwọn tó fẹ́ mọ ibi tí omíyalé máa gbà kọjá, àwọn tó ń wá ibi tí ó yẹ kí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn sí, ètò orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn fi ń ṣe é. Ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni QGIS, tí Gary Sherman bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa sì ti ń kọ́ ọ, nítorí oúnjẹ wà nídìí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni irinṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni ìmọ̀. Ìṣòro kan wà tó ń dojú kọ àwọn tó ń ṣe ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa dá jókòó tì, tí kò ní rí olùkọ́ níwájú rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe máa ṣe é tí kò fi ní jẹ́ pé bọ́tìnnì nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ náà máa mọ̀ ọ́n tẹ̀, tí kò sì ní mọ ohun tó ń ṣe? Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Àgbà Mùsùlùmí kan ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dáhùn rẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ọmọ ẹ̀yìn odi

Orúkọ rẹ̀ ni Abu Rayhan Muhammad ọmọ Ahmad, tí gbogbo ayé mọ̀ sí al-Biruni. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 973 ni wọ́n bí i, ní ẹ̀yìn odi ìlú Kath, tó jẹ́ olú ìlú Khwarazm nígbà náà. Inú orílẹ̀-èdè Uzbekistan ni ibẹ̀ wà lónìí, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú tó wà níbẹ̀. Ìta tàbí ẹ̀yìn odi ni bírún túmọ̀ sí ní èdè Páṣíà, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Kì í ṣe ọmọ ọba, ṣùgbọ́n ọmọ ọba ló kọ́ ọ níṣẹ́. Abu Nasr Mansur, ọ̀kan nínú ìdílé tó ń jọba ní Kath, tó tún jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ ìṣirò, ló fà á mọ́ra. Nígbà tí al-Biruni wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 17, ó ti wọn bí oòrùn ṣe ga tó ní ọ̀sán gangan ní Kath, ó sì fi ìyẹn ṣírò bí ìlú náà ṣe jìnnà tó sí àárín gbùngbùn ayé, níbi tí ọ̀sán àti òru ti máa ń dọ́gba. Ohun tí a ń pè ní ìlà ìbú lórí máàpù nìyẹn. Kò dúró kí ẹnìkan wá sọ ọ́ fún un. Ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò rẹ̀.

Kí ó tó pé ọmọ ọdún 23, ó ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ kan tó ń yọ gbogbo ayàmáàpù lẹ́nu títí di òní. Ayé rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, bébà sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá bó èèpo ọsàn, tó ní kí ó tẹ́ sílẹ̀ bíi ẹní, yóò rí i pé àfi kí ó ya tàbí kí ó fẹ̀ níbi kan. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo máàpù rí. Al-Biruni ṣe àyẹ̀wò oríṣiríṣi ọ̀nà tí a lè gbà tẹ́ bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀, ó sì ṣàlàyé ibi tí ìkọ̀ọ̀kan dára sí àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí.

Ní àsìkò yẹn kan náà, ó mọ ìdajì bọ́ọ̀lù ńlá kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ mẹ́wàá, kí ó lè máa to àwọn ìlú sí àyè wọn lórí rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò tíì parí tí ogun fi dé ní ọdún 995. Àwọn ará Gurganj ṣẹ́gun ìdílé tó ń jọba ní Kath, al-Biruni sì sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀. Ọmọ ọdún 22 ni.

Ìṣẹ́ kò pa ìmọ̀

Ó dé ìlú Rayy, nítòsí ibi tí Tehran wà lónìí, láìní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé onímọ̀ kan níbẹ̀ fojú tẹ́ ọ̀rọ̀ òun nítorí pé òun jẹ́ aláìní, ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ òun yá gágá, onítọ̀hún di ọ̀rẹ́. Àwọn Yorùbá ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ti al-Biruni yàtọ̀, nítorí kékeré ló ti mọ bí àkísà ṣe rí.

Nígbà tí ó padà sí Kath, nǹkan àrà kan ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 997. Òjìji ayé máa bo òṣùpá lóru ọjọ́ náà. Al-Biruni ti bá Abu'l-Wafa, àgbà onímọ̀ ìṣirò tó wà ní Baghdad, ṣe àdéhùn ṣáájú pé kí àwọn méjèèjì máa wò ó lọ́gbọọgba, kí oníkálukú sì kọ àkókò tí ó rí i ní ìlú tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni òkùnkùn ń bo òṣùpá fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n aago ìlú kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan. Nítorí náà, tí a bá mọ iye wákàtí tó wà láàárín ìlú méjì, a ti mọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Nǹkan bí wákàtí kan ló wà láàárín Kath àti Baghdad. Láìsí fóònù, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rẹ́ méjì tí ìrìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ wà láàárín wọn jọ ṣe iṣẹ́ máàpù kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sọ́dọ̀ Qabus, ọba Gurgan, níbi tí ó ti kọ ìwé ńlá kan lórí kàlẹ́ńdà àwọn orílẹ̀-èdè ní nǹkan bí ọdún 1000. Ó tún padà sí Khwarazm, ó sì di olùdámọ̀ràn ọba níbẹ̀. Ní ọdún 1017, Sultan Mahmud ti Ghazna kógun dé, ó gba ilẹ̀ náà, ó sì kó àwọn onímọ̀ ibẹ̀ lọ sí ìlú rẹ̀, tó wà ní Afghanistan òde òní. Al-Biruni àti olùkọ́ rẹ̀, Abu Nasr, wà nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí ogun máa tú u nílé.

Ẹ̀yìn pátákó di irinṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ sí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1018. Al-Biruni wà ní abúlé kan tó ń jẹ́ Jayfur, lẹ́bàá Kabul. Ó fẹ́ mọ ìlà ìbú ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní irinṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Kí ló ṣe? Ó mú pátákó tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò nígbà náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó fa ìlà kọrọdọ kan sí i, ó pín in sí dígírì dígírì, ó so òwú olóòjé mọ́ ọn, ó sì fi wọn oòrùn. Gbogbo àwa tí a gba ilé-kéwú kọjá la mọ wàláà. Ẹ sáà fojú inú wò ó pé ẹnìkan sọ ẹ̀yìn wàláà di irinṣẹ́ tí ó fi ń wá ibi tí ìlú kan wà láyé.

Ìdí tí a fi dúró síbẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ẹni tó jẹ́ pé irinṣẹ́ nìkan ló kọ́, ọjọ́ tí irinṣẹ́ bá ti sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ tán. Al-Biruni mọ ohun tí irinṣẹ́ náà ń ṣe àti ìdí tó fi ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí ó fi lè ṣe òmíràn. Ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà tó kàn ń sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ibí, kí ó tẹ ọ̀hún, àwọn bọ́tìnnì ló ń kọ́ ọ. Bí wọ́n bá sì ti pààrọ̀ ètò náà lọ́dún tó ń bọ̀, tí bọ́tìnnì kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò di ẹni tí kò kọ́ nǹkan kan.

Ní odi Nandana, tó wà ní Pakistan lónìí, ó ṣe ohun tó gbayì jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Òkè kan wà níbẹ̀ tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ níwájú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wọn gíga òkè náà láti ìsàlẹ̀, ó jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ 652 àti díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gun orí rẹ̀, ó wo ibi tí sánmọ̀ àti ilẹ̀ ti pàdé, ó sì wọn bí ojú rẹ̀ ṣe ní láti sọ̀ kalẹ̀ tó kí ó tó kan ibẹ̀. Díẹ̀ ló lé ní ìdajì dígírì kan. Pẹ̀lú nọ́ńbà méjì yìí nìkan, ó ṣírò bí ó ti jìnnà tó láti orí ilẹ̀ dé àárín inú ayé: ìgbọ̀nwọ́ 12,803,337. Àwọn onímọ̀ òde òní ń jiyàn lórí bí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ṣe gùn tó gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ọ̀nà tí ó gbà ṣírò rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, kò sì gba kí ènìyàn rin aṣálẹ̀ kọjá bí àwọn tó ti ṣe é ṣáájú rẹ̀.

Kíbúlà Ghazna

Kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún? Ní ọdún 1025, ó parí ìwé kan lórí bí a ṣe ń mọ àyè tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà láyé. Ohun tó fẹ́ fi ìwé náà ṣe gan-an ni láti mọ ibi tí Ghazna wà, kí àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ lè mọ Kíbúlà wọn dájú. Ó ṣírò Kíbúlà náà ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ, kí èyí lè jẹ́rìí sí ìyẹn. Ìrun ló sọ ọ́ di ayàmáàpù.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ní 1029, ó kọ ìwé mìíràn tí a fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà mọ̀. Kitab al-Tafhim ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn ìwé ìfúnnilóye. Obìnrin kan ló kọ ọ́ fún, Rayhana ọmọ al-Hasan, ará Khwarazm, tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ yìí. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọbìnrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Gbogbo ìwé náà jẹ́ ìbéèrè àti ìdáhùn, ìbéèrè bíi 530. Ìbéèrè kékeré, ìdáhùn kúkúrú, àwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ìbéèrè tó kàn. Ìdáhùn kan ló ń bí ìbéèrè kejì. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí nǹkan tí ojú kò rí. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ọwọ́ lè dì mú, ó wá bọ́ sí ojú rẹ̀, ó bọ́ sí etí rẹ̀ tó jẹ́ ìlà, kí ó tó dé ẹyọ àmì kan ṣoṣo. Láti ibẹ̀ ó lọ sí ìṣirò, ó lọ sí ìrìn oòrùn àti òṣùpá, ó dé orí ilẹ̀ àti òkun tòun ti máàpù rẹ̀, ó wá kọ́ni bí a ṣe ń lo astrolabe, irinṣẹ́ tó dà bíi kọ̀ǹpútà ìgbà náà. Ẹ kíyè sí i pé ìmọ̀ ló ṣáájú, irinṣẹ́ ló tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ àwọn awòràwọ̀ tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ló fi sí ìparí, òun fúnra rẹ̀ sì fi hàn pé òun kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́. Àwa Mùsùlùmí kò sì gbà á rárá.

Ìwé náà wà ní èdè Lárúbáwá, ó sì wà ní èdè Páṣíà, kí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀kan lè ka èkejì.

Ohun tí òde òní rí kọ́ níbẹ̀

Ẹni tó bá ṣí ìwé ẹ̀kọ́ QGIS tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ yóò rí ohun tó jọ èyí. Apá kan wà níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ̀lé olùkọ́ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, apá kan sì wà níbi tí wọ́n ti ní kí òun náà dán an wò fúnra rẹ̀, kí ó tó lọ wo ìdáhùn. Ní ọdún 2009, wọ́n ṣe ìwé ẹ̀kọ́ kékeré kan fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Eastern Cape ní South Africa. Àlàyé ohun tí ètò máàpù orí kọ̀ǹpútà jẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe bọ́tìnnì. Ọ̀nà al-Biruni nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ tiwa náà hàn. Àwọn àgbà wa ń pe Kíbúlà ní gábásì, ọ̀rọ̀ tó ti èdè Hausa wá, ìlà oòrùn ló sì túmọ̀ sí. Tí ẹ bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọmọ ní máàpù, ẹ má tíì jẹ́ kí ó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ bi í pé láti Ìbàdàn, ibo ni Mẹ́kà wà. Yóò ní ìlà oòrùn ni. Ẹ jẹ́ kí ó fa ìlà tààrà láti Ìbàdàn dé Mẹ́kà lórí máàpù Mercator, irú èyí tó wọ́pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti àríwá, yóò ka nǹkan bí dígírì 68, bẹ́ẹ̀ ìlà oòrùn gangan jẹ́ 90. Ẹnu yóò yà á. Ẹ wá ní kí ó yí ọ̀nà tí a gbà tẹ́ máàpù náà padà sí irú èyí tí ó fi Ìbàdàn sí àárín, tí gbogbo ìlà tó ti àárín jáde fi jẹ́ òótọ́. Al-Biruni wà lára àwọn tó ṣàpèjúwe irú ọ̀nà yìí. Ìlà náà yóò wá ka nǹkan bí dígírì 64. Ẹ bi í pé kí ló dé tí méjèèjì fi yàtọ̀. Kí ó tó dáhùn, ẹ fún un ní bọ́ọ̀lù àti òwú, kí ó ta okùn láti ìlú kan dé èkejì, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ọmọ tó bá gba ibẹ̀ kọjá kò ní gbàgbé títí láé. Ẹni tó bá sì kàn tẹ bọ́tìnnì lè mú 68 náà lọ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ mọ́sálásí, kí ó sì fi kọ̀ǹpútà búra lé e lórí. Kì í ṣe pé a fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní mọ́sálásí kankan o. Àwọn onímọ̀ wa ti ṣàlàyé pé ìhà ibi tí Kaaba wà ni ó jẹ́ dandan fún ẹni tó jìnnà sí i, ìrun àwọn baba wa sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi ìpìlẹ̀ tuntun lélẹ̀ lónìí kò ní àwíjàre tí ó bá kọ̀ láti béèrè.

Ìbéèrè ìkẹyìn

Al-Biruni kò dá iṣẹ́ dúró. Ó kọ́ èdè Sanskrit nígbà tó ti dàgbà, kí ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará Íńdíà lẹ́nu wọn, ó sì kọ ìwé tó lókìkí lórí ilẹ̀ wọn ní ọdún 1030. Ó kọ ìwé ńlá mìíràn fún Sultan Mas'ud, tó ní àkójọ àyè tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlú wà láyé. Ìwé tó kọ lé ní 100, èyí tó kù lónìí kò pọ̀.

Yaqut al-Hamawi, òpìtàn, ló gbé ìtàn ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ wá. Amòfin ẹ̀sìn kan lọ bẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí èémí ti ń há a láyà. Al-Biruni rántí ọ̀rọ̀ ogún kan tí àwọn méjèèjì ti jọ sọ rí, nípa ìpín ìyá-àgbà láti ìhà ìyá, ó sì ní kí ó tún un ṣàlàyé. Àánú rẹ̀ ṣe amòfin náà, ó bi í bóyá ó yẹ nínú irú ipò yìí. Al-Biruni fún un lésì pé ó sàn kí òun mọ̀ ọ́n kí òun tó fi ayé sílẹ̀ ju kí òun lọ láìmọ̀ ọ́n. Amòfin náà ṣàlàyé, al-Biruni tún un sọ títí ó fi yé e. Amòfin náà kò tíì jìnnà tí ó fi gbọ́ igbe ẹkún láti inú ilé náà. Nǹkan bí ọdún 1050 ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀kọ́ máàpù tí ó ń béèrè, tí ó ń dúró gbọ́ ìdáhùn, tí ó ń fi ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣì í hàn án, kí ẹ sì ṣe é ní èdè Yorùbá, kí ọmọ ilé-kéwú lè jókòó tì í láìbẹ̀rù. Ẹ̀yin àáfáà àti ẹ̀yin òbí, ẹ má na ọmọ tó ń béèrè kí ló dé. Ìbéèrè ni àgbà yìí fi kọ́ni, ìbéèrè ló sì fi ṣe ìdágbére fún ayé.

Kí Ọlọ́hun Ọba kẹ́ al-Biruni, kí Ó forí jìn ín, kí Ó sì fi ìmọ̀ tó ṣàǹfààní jíǹkí àwa àti àwọn ọmọ wa. Àmín.